Wíǹṣì tí kì í fò lóru

Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó dúró gbọn-in lójú ọ̀nà. Tírélà kan ló ti ti ẹsẹ̀ kan bọ gọ́tà, ó wá dábùú títì. Ọkọ̀ tó máa ń wọ́ ọkọ̀ ti dé, wọ́n ti so wáyà mọ́ tírélà náà nímú, àwa èrò sọ̀ kalẹ̀, a ń wòran. Wáyà náà le gbagidi, tírélà fẹ́ mira, ni ẹ̀rọ tó ń fa wáyà bá kùn, ó kérora, ó sì dákẹ́. Ọmọ iṣẹ́ kan bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ wọn, ó figbe ta: "Ọ̀gá, wíǹṣì ni o! Wíǹṣì ló ń dà wá láàmú!" Màmá kan tó dúró tì mí ká ọwọ́ méjèèjì lérí. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Mo ṣáà ti ń sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá náà wá bi mí pé, "Ó dáa, ọmọ mi, tí kì í bá ṣe àjẹ́, kí wá ni?" ńṣe ni mo ń kólòlò. Mo mọ̀ ọ́n lójú, mi ò mọ̀ ọ́n sọ lẹ́nu. Àlàyé tí mo jẹ wọ́n lọ́jọ́ náà ni mo wá san yìí, mo sì fi ti àbúrò wíǹṣì, ìyẹn kápísítánì, kún un, nítorí àwọn méjèèjì làwọn èèyàn máa ń pè pọ̀ bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Kí ni wíǹṣì, kí sì ni kápísítánì?

Wíǹṣì ni ẹ̀rọ tó ń fa okùn tó sì ń ká a jọ sára. Ó ní àgbá róbótó kan tó dùbúlẹ̀ láàárín irin méjì. Wọ́n ti de orí okùn kan mọ́ àgbá yìí. Bí àgbá bá ti ń yí, okùn ń ká mọ́ ọn lára, ohun tí wọ́n so mọ́ orí okùn kejì sì ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn lè máa yí i, mọ́tò iná lè máa yí i, ẹ́ńjìnnì náà lè máa yí i. Okùn ọ̀hún lè jẹ́ okùn gidi, ó sì lè jẹ́ wáyà onírin.

Kápísítánì náà ń fa okùn, àmọ́ kì í tọ́jú rẹ̀. Àgbá tirẹ̀ sábà máa ń dúró lóòró, ìbàdí rẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti odó ìyán. Kò sẹ́ni tó de okùn mọ́ ọn. Okùn kàn máa yí i po lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni, ẹnì kan á wá dúró lẹ́yìn, á máa gba okùn tó ń jáde. Bó ṣe ń wọlé lápá kan ló ń jáde lápá kejì. Okùn tó gùn tó kìlómítà kan lè gba ara rẹ̀ kọjá, kò ní fi ìnṣì kan sanra sí i.

Bí mo ṣe ń là á yé ara mi nìyí: wíǹṣì dà bí alájọ tó ń gba owó tó sì ń kó o pamọ́ sínú àpótí. Kápísítánì dà bí ẹni tó ń ka owó fún èèyàn. Gbogbo owó ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò sí èyí tó ń dúró tì í. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ló mú kí iṣẹ́ wọn yàtọ̀, ewu wọn náà sì yàtọ̀.

Níbo ni agbára náà ti ń wá?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí etí kànga. Ẹni tó bá ń fi dòrò fa omi (gúgà làwọn mìíràn ń pè é), gbogbo ìwúwo omi yẹn ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Ká wá ní a gbé ìtì igi róbótó kan dábùú ẹnu kànga, a de okùn mọ́ ọn, a sì fi irin tó tẹ̀ bí ìgúnpá sí orí rẹ̀ kan kí a lè máa fi yí i. Láti àárín gbùngbùn igi náà dé ibi tí okùn ká sí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Láti àárín yẹn kan náà dé ibi tí ọwọ́ wa ti di irin mú jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40. Ọwọ́ wa jìnnà sí àárín ní ìlọ́po mẹ́rin ju okùn lọ, nítorí náà agbára wa di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó bá fi agbára kílò 15 tì í máa gbé ẹrù kílò 60 láti inú kànga.

Tí ìyẹn ò bá tó, a lè fi gíà sí i. Gíà kékeré tó gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀márùn-ún kí gíà ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan máa sọ agbára yẹn di ìlọ́po márùn-ún sí i. Kílò 15 yẹn ti di 300. Ọmọdé tó lágbára díẹ̀ lè fi ọwọ́ kan yí ẹrù tí ọkùnrin mẹ́rin máa fi tipátipá gbé.

Ó dà bí idán, àmọ́ owó rẹ̀ wà ńlẹ̀ tí a máa san. Kí okùn tó wọlé ní mítà kan péré, ọwọ́ wa gbọ́dọ̀ yí irin náà nígbà mẹ́jọ, tí a bá sì na gbogbo ọ̀nà tí ọwọ́ náà rìn kalẹ̀, ó tó mítà 20. Agbára di ìlọ́po 20, ìrìn náà di ìlọ́po 20. Ìdí nìyí tí wíǹṣì fi máa ń lọ́ra bí ìgbín. Tí ẹ bá rí èyí tó ń fa ohun wúwo tó sì ń yára, mọ́tò rẹ̀ ló tóbi.

Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó nìkan lọgbọ́n yìí wà. Ẹ lọ sí Ìsẹ́yìn, kí ẹ jókòó ti ẹni tó ń hun aṣọ òkè. Òwú tó ta síwájú rẹ̀ gùn lọ réré, òkúta sì wà ní ìparí òwú náà lọ́hùn-ún, lórí ohun tó ń wọ́ nílẹ̀, èyí tó ń mú kí òwú le. Bó bá hun ún dé ìwọ̀n kan, á yí igi tó wà níwájú itan rẹ̀, aṣọ tuntun á ká mọ́ igi náà, òkúta tó wà lọ́hùn-ún á sì sún bọ̀ díẹ̀. Á wá fi igi kékeré há a kó má baà tú padà. Àgbá wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń fà wà níbẹ̀, ohun tó ń dá a dúró wà níbẹ̀. Kí ló kù tí wíǹṣì fi ní ju ìyẹn lọ?

Kí ló dé tí ẹrù kì í fi í já bọ́ tí a bá sinmi?

Igi kékeré tí ahunṣọ fi há a yẹn ní ẹlẹgbẹ́ nínú wíǹṣì onírin. Wọ́n á gbẹ́ eyín sí ẹ̀gbẹ́ àgbá yípo, irin kékeré kan bí ìka á wá máa bọ́ sáàárín àwọn eyín náà bí àgbá ṣe ń yí. Ohun tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ nìyẹn. Àgbá lè yí síwájú, àmọ́ tó bá fẹ́ yí padà, irin náà á ta kò ó. Àwọn wíǹṣì kan máa ń ní gíà tó rí bí ìdè aláyìípo, tó jẹ́ pé mọ́tò lè yí àgbá ṣùgbọ́n àgbá ò lè yí mọ́tò.

Èyí tó tóbi máa ń ní bíréèkì, ohun kan sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bíréèkì wíǹṣì tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ òkun mọ́ èbúté, wọn kì í jẹ́ kó le ju bó ṣe yẹ lọ. Ńṣe ni wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n kó lè yọ̀ nígbà tí okùn bá ń fà dé nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 agbára tó lè já a. Bí ìgbì tàbí atẹ́gùn bá ti ọkọ̀ kọjá ìwọ̀n, bíréèkì á tú okùn díẹ̀díẹ̀, okùn ò ní já. Ẹni tí kò mọ̀ máa rò pé bíréèkì ti bàjẹ́, á tún un dè le koko. Ó ti fi ikú há okùn lẹ́nu nìyẹn.

Àgbò Iléyá àti igi máńgòrò: kí ni àṣírí kápísítánì?

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Tí okùn ò bá sí lára àgbá lọ́nà tí wọ́n fi dè é, kí ló dé tí kì í fi í yọ̀?

Gbogbo ẹni tó bá ti ṣọ́ àgbò ọdún rí ló mọ ìdáhùn, bí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọ́n mọ̀ ọ́n. Àgbò tó sanra dáadáa lè wọ́ àgbàlagbà yípo àgbàlá. Àmọ́ tí ẹ bá sáré fi okùn náà yí igi máńgòrò po lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ ọdún mẹ́fà lè di ìdí okùn mú, kí àgbò máa fà títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ọmọ yẹn ò lágbára ju bàbá rẹ̀ lọ. Igi ló ń bá a dì í mú.

Bó ṣe rí nìyí. Bí àgbò ṣe ń fa okùn, okùn ń fún mọ́ igi. Bó ṣe ń fún mọ́ igi, èèpo igi ń dì í mú kó má lè yọ̀. Níbi tí okùn ti kọ́kọ́ kan igi, igi ti gba díẹ̀ nínú agbára àgbò. Èyí tó ṣẹ́ kù kọjá sí ọwọ́ kejì igi, igi tún gba nínú èyí tó ṣẹ́ kù. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí. Ohun tó ń pọ̀ sí i kì í ṣe àròpọ̀, ìsọdipúpọ̀ ni. Ká ní okùn àti igi náà di ara wọn mú níwọ̀n bó ṣe sábà máa ń rí, tí àgbò bá ń fà pẹ̀lú agbára kílò 60, ẹni tó yí okùn po lẹ́ẹ̀kan máa nílò bíi kílò 9 láti dì í mú. Ẹni tó yí i po lẹ́ẹ̀mejì máa nílò kílò kan ààbọ̀, kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yí i lẹ́ẹ̀mẹta, gíráàmù 200 àti díẹ̀ ni, ìyẹn ìwúwo ife omi kékeré kan.

Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland, ló ṣírò ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀rúndún 18. Nínú ìṣirò náà, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbà gbọ́: sísanra igi kò kàn án. Igi máńgòrò ńlá àti òpó ẹnu ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ máa di okùn mú bákan náà, tí ara wọn bá rí gbẹ́rẹgbẹ̀rẹ dọ́gba. Iye ìgbà tí okùn yí po nìkan ló ṣe pàtàkì, àti bóyá ara igi ń yọ̀ tàbí kò yọ̀. Ẹ fi epo pa igi yẹn kí ẹ wá wo ohun tí àgbò máa fojú yín rí.

Kápísítánì ni igi máńgòrò tó ń yí. Ẹ jẹ́ kí igi náà dúró, ó ń di àgbò mú. Ẹ jẹ́ kí igi náà máa yí, ó ń fa àgbò bọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà wa á sì máa gba okùn tó ń tú jáde lẹ́yìn. Tó bá fẹ́ kí àgbò sinmi díẹ̀, kó kàn dẹ ọwọ́ ni, okùn á yọ̀ lára igi, bí igi tiẹ̀ ń yí lọ. Wíǹṣì ò lè ṣe ìyẹn. Láti dá wíǹṣì dúró, ẹ gbọ́dọ̀ dá mọ́tò dúró. Láti dá kápísítánì dúró, ẹ jọ̀wọ́ okùn lọ́wọ́.

Kí làwọn ará àtijọ́ fi ṣe?

Nílùú Róòmù ni ìtàn tó wù mí jù lọ ti wá. Òpó òkúta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé wá láti Íjíbítì láyé àwọn olú ọba Róòmù, gíga rẹ̀ tó mítà 25, ìwúwo rẹ̀ ju tọ́ọ̀nù 300 lọ. Póòpù Sixtus Karùn-ún ní kí wọ́n gbé e wá síwájú ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́. Ẹni tó gba iṣẹ́ náà ni Domenico Fontana. Ní ọdún 1586, ó to kápísítánì 40 yí òpó náà ká, èèyàn bíi 900 àti ọ̀pọ̀ ẹṣin ló sì ń yí wọn. Ohun tó le jù níbẹ̀ ni bí gbogbo wọn ṣe máa fà dọ́gba, nítorí tí 39 bá fà tí ẹyọ kan sinmi, okùn kan á gba ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Kàkàkí ni Fontana fi pàṣẹ kí wọ́n fà, agogo ló fi pàṣẹ kí wọ́n dúró, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Àwọn ará Ítálì ṣì ń pa á nítàn pé atukọ̀ kan nínú èrò ìwòran rí i pé okùn ti fẹ́ já, ó ta àṣẹ nù, ó sì pariwo pé kí wọ́n da omi sí okùn lára. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí wọ́n kàn fi iyọ̀ sí i, òpó náà dìde lóòró ní September 10, 1586, ibẹ̀ ló sì wà dòní.

Orí omi ni kápísítánì ti gbayì jù. Nínú ọkọ̀ ogun onígi ayé àtijọ́, bíi HMS Victory tó wà ní Portsmouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, wọ́n máa ń ki igi gígùn bọ ihò orí kápísítánì yípo, àwọn atukọ̀ á fi àyà ti igi náà, wọ́n á máa rìn yípo bí ẹni ń lọ ọlọ. Ó máa ń gbà ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ láti fa ìdákọ̀ró kúrò nínú ẹrẹ̀. Okùn ìdákọ̀ró yẹn fúnra rẹ̀ ki tó itan èèyàn, kò ṣeé yí mọ́ kápísítánì. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n fi okùn kan tó kéré jù ú lọ, tí orí àti ìdí rẹ̀ so pọ̀, yí kápísítánì. Àwọn ọmọdékùnrin inú ọkọ̀ á wá máa fi okùn kéékèèké so okùn ńlá mọ́ okùn kékeré yìí bó ṣe ń lọ, wọ́n á tún máa sáré tú u kó tó dé ara kápísítánì. Ẹ fojú inú wo iṣẹ́ yẹn nínú òkùnkùn, pẹ̀lú omi ẹrẹ̀ tó ń ro tótó. Ibi tó ju alájọ lọ́wọ́ nìyẹn: ká ní wíǹṣì ni, níbo ni wọ́n máa ká irú okùn bẹ́ẹ̀ sí?

Níbo la ti ń bá wọn pàdé lónìí?

Ẹ̀wọ̀n irin ló gbapò okùn ìdákọ̀ró báyìí. Ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀wọ̀n náà ní àgbá tí wọ́n gbẹ́ kòtò sí lára, tí ojú ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí, ẹ̀wọ̀n á sì bọ́ sínú yàrá kan nísàlẹ̀ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti dúró tán, kì í ṣe ẹ̀rọ yìí ló ń dì í mú o. Irin ńlá kan ni wọ́n máa fi há ẹ̀wọ̀n lọ́rùn, kí ẹ̀rọ lè sinmi.

Ní èbúté, kéréènì tó ń gbé kọ̀ńténà kò ju wíǹṣì tó gun òkè lọ. Ẹ lọ wò wọ́n ní Àpápá tàbí ní èbúté Lẹ́kí tí wọ́n ṣí ní January 2023. Wáyà ń ká, kọ̀ńténà tó lè wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 30 ń gòkè; wáyà ń tú, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga epo ní Niger Delta ní wíǹṣì ńlá tó ń gbé irin gbígbẹ́ sókè sódò. Hẹlikópítà tó ń yọ èèyàn nínú omi ní ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ apẹja tó ń fa àwọ̀n ńlá lójú òkun ní méjì, ọ̀kan fún okùn ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì.

Lífìtì ló máa ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ọ̀pọ̀ rò pé okùn rẹ̀ ń ká jọ síbì kan lókè. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, àgbá tó máa gba okùn ilé alájà 26 bíi Cocoa House n'Íbàdàn ì bá gba àyè púpọ̀ lókè níbẹ̀. Nínú lífìtì ilé gíga, okùn kàn gba orí kẹ̀kẹ́ oníkòtò kan kọjá ni. Yàrá lífìtì so mọ́ apá kan, irin wúwo kan so mọ́ apá kejì láti bá a dọ́gba, ìdìmú okùn àti kẹ̀kẹ́ náà ló ń gbé wa lọ. Ọmọ ìyá kápísítánì ni. Ìyẹn tiẹ̀ ń dáàbò bò wá: tí irin wúwo náà bá ti jókòó sísàlẹ̀, okùn á dẹ̀, kẹ̀kẹ́ ò ní lè dì í mú mọ́, kò sì ní lè fa lífìtì lọ kọ lu òrùlé.

Ní San Francisco ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà fa ọkọ̀ ìgboro láti 1873. Wáyà tí kò lórí tí kò nídìí ń sáré lábẹ́ títì ní nǹkan bíi kìlómítà 15 ní wákàtí kan, kẹ̀kẹ́ ńlá inú ilé ẹ̀rọ ló ń dì í mú tó ń fà á, awakọ̀ á sì fi irin gbá wáyà náà mú tó bá fẹ́ lọ, á jọ̀wọ́ rẹ̀ tó bá fẹ́ dúró.

Kí ló dé tí wíǹṣì ò lè fa ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ tírélà wa. Lára wíǹṣì, wọ́n sábà máa ń kọ iye kílò tó lè fà. Ohun tí wọn kì í pariwo ni pé ìpele àkọ́kọ́ ni iye yẹn wà fún, ìyẹn nígbà tí wáyà tó kù lára àgbá kò ju ìpele kan lọ. Bí wáyà bá ti ń gun orí wáyà, àgbá ń sanra, àgbá tó bá sì ti sanra, agbára rẹ̀ dín kù. Ẹ rántí kànga: bí okùn ṣe ń jìnnà sí àárín gbùngbùn, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní ọwọ́ wa ń lọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi wíǹṣì kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Àgbá rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 64, wáyà rẹ̀ sì ki ní mìlímítà 9. Tó bá lè fa kílò 4,000 ní ìpele àkọ́kọ́, ní ìpele kẹrin kò lè fà ju bíi 2,300 lọ. Mọ́tò kan náà, wáyà kan náà.

Ohun tó ṣe ọmọ iṣẹ́ yẹn gan-an nìyẹn. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ wọn sún mọ́ tírélà jù, wáyà tó pọ̀ jù ṣì wà lára àgbá. Ọ̀gá rẹ̀ ò bínú, kò sì gbàdúrà. Ó wọ ọkọ̀, ó fi rìn síwájú títí wáyà fi tú tó ku díẹ̀ lára àgbá. Ó wá mú púlì kan, ìyẹn kẹ̀kẹ́ oníkòtò kékeré, jáde látinú àpótí, ó so ó mọ́ tírélà, ó fi wáyà gba inú púlì náà, ó sì dá orí wáyà padà wá so mọ́ ọkọ̀ tirẹ̀. Wáyà méjì ló ń fa tírélà báyìí dípò ẹyọ kan, agbára di ìlọ́po méjì, ìrìn sì falẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Kò pẹ́ púpọ̀ tí tírélà fi gòkè. Màmá yẹn pàtẹ́wọ́, ó ní àdúrà òun ló gbà. Mi ò bá a jiyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi wíǹṣì oníná sí iwájú jíìpù, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì nígbà tẹ́ ẹ bá ń lò ó. Ó lè gba iná tó tó 400 áńpì lẹ́nu bátìrì nígbà tó bá ń ti ara rẹ̀ tán. Bátìrì ò ní pẹ́ kú.

Kí ló ń pa èèyàn nídìí wọn?

Okùn ni. Ẹ̀rọ gan-an kì í sábà pa èèyàn. Okùn tó ń fa ohun wúwo dà bí rọ́bà kànnàkànnà tí wọ́n ti fà tán: bó bá já, gbogbo agbára tó wà nínú rẹ̀ á jáde lẹ́ẹ̀kan, á nà padà sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó lè sá fún un. Okùn náílọ̀nù ló burú jù nítorí pé ó máa ń nà kó tó já. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn atukọ̀ pé kí wọ́n má dúró sí ojú ọ̀nà tí okùn lè gbà nà padà. Fún wáyà ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀, àwọn tó mọṣẹ́ máa ń sọ búláńkẹ́ẹ̀tì wúwo tàbí kóòtù lé e láàárín, kó lè wọ́ wáyà sílẹ̀ bó bá já. Àwa èrò ìwòran lọ́jọ́ náà, ibi tó burú jù la dúró sí, a tún ń fi fóònù ya fọ́tò.

Wọ́n kì í sì í tú wáyà tán lára àgbá. Ó kéré tán, wáyà onírin gbọ́dọ̀ yí àgbá po lẹ́ẹ̀márùn-ún kó tó máa fa ẹrù, nítorí pé ìdè tó so ìdí wáyà mọ́ àgbá kò lágbára. Àwọn ìyípo márùn-ún yẹn ló ń ṣe bí igi máńgòrò fún un. Nídìí kápísítánì, ewu tirẹ̀ ni kí okùn gun orí ara rẹ̀ kó há. Ẹni tó ń gbà á lẹ́yìn á jọ̀wọ́ ọwọ́, okùn ò ní yọ̀ mọ́, á máa fà lọ. Ọwọ́ tó bá wà nítòsí á bá a lọ.

Bí ẹ̀rọ bá tóbi, àṣìṣe rẹ̀ náà á tóbi. Ní April 12, 2007, lẹ́bàá erékùṣù Shetland nílẹ̀ Scotland, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Bourbon Dolphin ń bá ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ kànga epo gbé ìdákọ̀ró. Ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró tó wà lórí wíǹṣì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà á láti ẹ̀gbẹ́ dípò ẹ̀yìn. Wọ́n gbìyànjú láti tú ẹ̀wọ̀n náà sílẹ̀, kò tú yára tó. Ọkọ̀ náà dojú dé. Èèyàn 15 ló wà nínú rẹ̀, 8 kú.

Èyí tó wà nílé gbogbo wa ńkọ́?

Ẹni tó bá ti lo kásẹ́ẹ̀tì rí ti ní wíǹṣì àti kápísítánì nílé, láìmọ̀. Ẹ rántí ihò méjì tó wà láàárín kásẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ń gba téèpù jọ sára, wíǹṣì ni, ó ń ká a, ó sì ń sanra. Àmọ́ àgbá tó bá ń sanra tí iye ìgbà tó ń yí kò yí padà á máa fa téèpù yára sí i, olórin fújì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn àgbàlagbà á parí ẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Kí ìyẹn má baà ṣẹlẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rédíò, kò nípọn tó igi ìṣáná méjì, rọ́bà kékeré kan sì ń ti téèpù mọ́ ọn lára. Irin yìí ló ń fa téèpù kọjá ní sẹ̀ǹtímítà 4.76 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ti wù kí àgbá sanra tó. Kò ń tọ́jú nǹkan kan, ó kàn ń jẹ́ kó kọjá. Kápísítánì lorúkọ tí àwọn oníṣẹ́ rédíò ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ sì jọ ti èyí tó fa òpó òkúta ìlú Róòmù.

Tí rọ́bà yẹn bá wá dọ̀tí, téèpù á lẹ̀ mọ́ irin, dípò kó kọjá á bẹ̀rẹ̀ sí í ká mọ́ ọn lára. A ó sọ pé rédíò ti jẹ kásẹ́ẹ̀tì. Bàbá mi á sì yọ ọ́ jẹ́jẹ́, á tú téèpù kúrò lára irin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á wá ki báírò Bic bọ ihò kásẹ́ẹ̀tì, á máa yí i: kẹ́-kẹ́-kẹ́.